Ajá Tí Ẹ̀rù Ń Bà: Ìfọkàntán Ló Ń Ṣáájú Àṣẹ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń yin báńgà káàkiri Ìlú Ọba, ní ìrántí ọ̀tẹ̀ ọdún 1605, nígbà tí Guy Fawkes àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé aṣòfin. Eré ni lójú wa. Ṣùgbọ́n lójú ajá inú ilé yín, ogun ló já wọ̀lú. Etí rẹ̀ mú ju tiwa lọ, kò sì mọ ìgbà tí ariwo náà yóò dópin.

Bó bá ki ìrù bọ àárín ẹsẹ̀, tó ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe oríkunkun. Bí ọmọdé bá fi agbára wọ́ ọ jáde, ó lè gé ọmọ náà jẹ. Bí ilẹ̀kùn bá sì ṣí sílẹ̀, ó lè já sí títì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ ajá sí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bó bá ń sá, a ó jágbe mọ́ ọn, tàbí ká nà án. Ajá tí ẹ̀rù ń bà, tí a tún wá nà, ohun méjì ló ń bẹ̀rù báyìí: báńgà àti olówó rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ jẹ́ ká wò ó láti apá kejì: ajá tó ń gbọ́ fèrè ti rí oore lọ́wọ́ ọdẹ kí wọ́n tó wọ igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù ṣe fi ara rẹ̀ wé olùṣọ́ àgùntàn tí àwọn àgùntàn mọ ohùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín rèé. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ fi fóònù gbé ohùn báńgà sí i, kó rọlẹ̀ gan-an, nígbà tí ajá ń jẹun tàbí ń ṣeré. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ ti tó. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ gbé ohùn náà sókè díẹ̀díẹ̀. Bó bá pa oúnjẹ tì, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ mú un rìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ti fèrèsé, ẹ fa kọ́tìnì, ẹ tan rédíò. Ẹ tẹ́ kùbùsù sí kọ̀rọ̀ kan fún un, ẹ má sì fà á jáde níbẹ̀. Bó bá fara tì yín, ẹ gbà á mọ́ra. Ìyẹn kò ní sọ ọ́ di ojo. Láti ọdún 2016 ni microchip ti di dandan fún ajá ní England, nítorí náà ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù yín tí ẹ fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣì ń lọ.

Gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ajá ní oògùn ènìyàn. Ibuprofen lè pa á. Bí ẹ̀rù náà bá pọ̀ jù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ yín ń wò yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá ṣe mú ajá tó ń gbọ̀n ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá àwọn lè sọ ẹ̀rù tiwọn fún yín.