Debian: Ètò Kọ̀ǹpútà Tí Ẹgbẹ́ Jọ Kọ́, àti Àyè Tí Ó Ṣí fún Èdè Wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan, mo lọ gba òwe sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Sakété. Mo tẹ iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà ní ilé íntánẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tí ìwé jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo ibi tí ó yẹ kí n ti rí ẹ, ọ àti ṣ, àpótí kékeré òfìfo ni mo rí níbẹ̀. Mo mú ìwé náà padà lọ fún bàbá tí ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwe náà fún mi. Ó wò ó títí, ó ní: "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yín yìí kò gbọ́ Yorùbá ni?"

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ta ni ó ń pinnu èdè tí ẹ̀rọ yóò gbọ́? Ìtàn ètò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní Debian ni mo fẹ́ fi dáhùn. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ni ó ni ín. Ẹgbẹ́ ni ó kọ́ ọ, ẹgbẹ́ ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí di òní.

Kí ni ètò ìdarí?

Kọ̀ǹpútà tí a rà lọ́jà, irin àti ike lásán ni bí kò bá sí ètò tí ó ń darí rẹ̀. Ètò ìdarí yìí ni ó ń mọ̀ pé a ti tẹ bọ́tìnnì kan, tí ó sì ń sọ irú lẹ́tà tí yóò hàn. Òun ni ó ń pa fáìlì mọ́, tí ó sì ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀. Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft jẹ́ ọ̀kan. macOS ti Apple jẹ́ òmíràn.

Ènìyàn ni ó ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, ní ìlà-ìlà, bí a ti ń kọ ìwé. Ohun tí ó kọ yìí ni à ń pè ní kóòdù orísun. Lẹ́yìn náà ni a óò yí i padà sí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ lè lò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sábà máa ń ta nọ́ńbà náà fún wa, wọn a sì fi kóòdù orísun pamọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ra àkàrà, tí wọ́n sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó mọ bí a ti po ẹ̀wà rẹ̀. Bí iyọ̀ kò bá tó, kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Bí ètò náà kò bá mọ ẹ, ìwọ náà kò lè kọ́ ọ.

Òmìnira yàtọ̀ sí ọ̀fẹ́

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, kéde pé òun yóò kọ odidi ètò ìdarí kan tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tí yóò lè kà, tí yóò lè tún ṣe, tí yóò sì lè pín fún ẹlòmíràn. Ó pè é ní GNU. Orúkọ tí ó fún irú ètò bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni "free software", ó sì fa wàhálà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò tètè rí: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun méjì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣàlàyé pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ni àwọn ń sọ. Faransé kò ní ìṣòro yìí, nítorí "libre" yàtọ̀ sí "gratuit". Yorùbá náà kò ní in: òmìnira ni òmìnira, ọ̀fẹ́ ni ọ̀fẹ́. Ètò òmìnira ni ohun tí Stallman ń sọ.

Ní ọdún 1989, ó gbé ìwé àṣẹ kan jáde tí à ń pè ní GPL. Ẹni tí ó mọ àáró yóò lóye rẹ̀ kíákíá. Nínú ọ̀wẹ̀, wọn a bá ọ ṣiṣẹ́, o ó se oúnjẹ fún wọn, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n nínú àáró, bí mo bá bá ọ ro oko lónìí, o ó bá mi ro tèmi lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni GPL rí. Ẹni tí ó bá gba ètò náà tí ó tún un ṣe, bí ó bá pín in fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ fún olúwarẹ̀ ní kóòdù orísun àti òmìnira kan náà tí òun fúnra rẹ̀ rí gbà.

GNU ní apá púpọ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀, èyí tí ó ń bá irin kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà, kò tíì parí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki, kéde pé òun ń kọ kókó kan. Èyí ni Linux. Ní ọdún 1992, ó fi í sábẹ́ GPL.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Purdue

Kókó àti apá ti wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tò wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè di odidi? Àwọn kan gbìyànjú. Èyí tí ó gbajúmọ̀ nígbà náà, SLS, kún fún àṣìṣe. Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, lò ó títí ó fi sú u. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1993, ó kéde pé òun yóò to tuntun jọ. Orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Debra, ni ó so mọ́ Ian, ó di Debian.

Ó kọ ìwé kan láti ṣàlàyé èrò rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò yẹ kí irú iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan: kí a ṣe é ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọgbọ́n lè fi ọwọ́ kún un. Ní ọdún 1994, Ian Jackson tún dpkg kọ, irinṣẹ́ tí ó jẹ́ kí a lè pín iṣẹ́ náà sí àpò-àpò. Ẹnì kan lè tọ́jú àpò kan ní Jámánì, kí ẹlòmíràn tọ́jú òmíràn ní Brazil, kí gbogbo rẹ̀ sì bára mu. Debian 1.1, tí ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1996, ní àpò 474. Debian 13, tí ó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ní èyí tí ó lé ní 60,000.

Òfin ẹgbẹ́

Ẹgbẹ́ tí kò ní òfin kì í pẹ́ tú. Ní oṣù Keje ọdún 1997, lábẹ́ Bruce Perens tí ó gba ipò lọ́wọ́ Murdock, Debian fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn tí ó ń lò ó. Wọ́n ṣèlérí pé ètò náà yóò máa jẹ́ ti òmìnira, pé àwọn kò ní fi àṣìṣe pamọ́, àti pé àwọn olùlò àti ètò òmìnira ni wọn yóò máa fi ṣíwájú. Apá kan nínú ìwé yìí ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ "open source" ní ọdún 1998.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni òfin ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ jáde. Ọdọọdún ni wọ́n ń dìbò yan olórí. Olùdìbò kì í mú ẹnì kan ṣoṣo. Ṣe ni yóò to àwọn olùdíje tẹ̀léra bí ó ti fẹ́ wọn tó, ó sì lè to "kò sí èyíkéyìí" ṣíwájú gbogbo wọn. Bí olórí bá ṣe ohun tí kò tọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè fi ìbò yí i padà. Òfin náà sì sọ pé kò sí ẹni tí a lè fi ipá mú ṣiṣẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ohun kan fi lè wọ inú Debian ni pé kí ẹnì kan jókòó ṣe é. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Ìjà kò ṣàì wà. Ní ọdún 2014, àríyànjiyàn ńlá lórí ètò kan tí à ń pè ní systemd mú kí àwọn kan kúrò, wọ́n sì dá Devuan sílẹ̀. Nítorí pé kóòdù orísun wà ní gbangba, wọ́n lè mú tiwọn lọ láìjẹ́ pé wọ́n jalè.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Orí Debian ni ó kọ́ ọ lé, láti inú èdè Zulu àti Xhosa ni ó sì ti mú orúkọ rẹ̀. Títí di ọdún 2011, wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kárí ayé. Ní ọdún 2016, ìpàdé ọdọọdún Debian wáyé ní Cape Town. Jonathan Carter, ọmọ Gúúsù Áfíríkà bákan náà, ni olórí Debian láti 2020 títí di 2024. Murdock kò rí èyí, nítorí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2015.

Níbo ni Yorùbá wà nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpótí òfìfo mi. Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ nílò kí Yorùbá tó lè hàn: nọ́ńbà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àwòrán lẹ́tà náà, àti ìmọ̀ nípa ìṣe èdè náà.

Unicode ni ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀, tí ó ní àmì ohùn lórí, kò ní. Nọ́ńbà méjì ni a ń tò pọ̀, ti lẹ́tà àti ti àmì, Unicode kò sì ní fi irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́.

Ti àwòrán lẹ́tà ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Bitstream yọ̀ǹda àwòrán lẹ́tà rẹ̀, Vera, fún gbogbo ayé. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ gba ènìyàn láyè láti tún un ṣe, bí ó bá ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní ọdún 2004, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni sọ ọ́ di DejaVu, wọ́n sì ń fi lẹ́tà kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ẹ, ọ, ṣ, ɛ àti ɔ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn lójú Debian. Bí Bitstream bá ti fi ìwé àṣẹ dí ọ̀nà ni, àpótí ni a óò máa rí síbẹ̀.

Ìkẹta ni fáìlì ìṣe èdè. Lórí Debian, Yorùbá ní èyí tí à ń pè ní yo_NG, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Yorùbá sì wà lábẹ́ ti Nàìjíríà. Àkójọ ńlá kan tún wà lọ́dọ̀ Unicode, CLDR, tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni gb, àti pé lẹ́yìn g ni ó ń bọ̀. Ẹ̀rọ tí kò mọ̀ yóò to ọ̀rọ̀ báyìí: gbà, gbé, gé, gùn. Èyí tí ó mọ̀ yóò tò ó báyìí: gé, gùn, gbà, gbé. Ibẹ̀ náà ni a ti kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé méjì.

Ti Sakété ńkọ́?

Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889 la ilẹ̀ wa sí méjì. Sakété àti Pobè bọ́ sọ́dọ̀ Faransé. Àkọtọ́ náà sì pínyà. Ní Nàìjíríà, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni a ń lò. Ní Benin, láti ọdún 1975 ni orílẹ̀-èdè ti ní álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè rẹ̀: ɛ ni ẹ, ɔ ni ọ, sh sì ni ṣ.

Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé CLDR mọ èyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yo ti Nàìjíríà, yo_BJ wà níbẹ̀ fún Benin. Ohun tí ọ̀kan kọ ní Ṣẹ́rẹ́ fún oṣù kìíní, èkejì kọ ọ́ ní Shɛ́rɛ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kà á lọ, ìbéèrè dé. Lẹ́tà ti yí padà, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Ṣé Shɛ́rɛ́ ni ìyá wa tí ó ń tajà ní Sakété ń pe oṣù náà? Àwọn tí ó ń to àmì èdè jọ fún ayé tilẹ̀ ti fún Nàgó ìhà Gúúsù ní àmì tirẹ̀, nqg, wọ́n sì fún Ìjè ti agbègbè Pobè ní ijj, bí ẹni pé èdè ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èdè ni tàbí ẹ̀ka-èdè? Iṣẹ́ wa nìyẹn, kì í ṣe ti ẹlẹ́rọ.

Ìgúnlẹ̀

Gbólóhùn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: kò sí ohun tí ó ń wọ inú irú ètò yìí bí kò ṣe pé ẹnì kan jókòó ṣe é. Iṣẹ́ ìtumọ̀ inú Debian kò le bí ẹ ti rò. Fáìlì lásán ni, ó ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lókè, àyè òfìfo nísàlẹ̀. Ẹni tí ó mọ fóníìmù, tí ó mọ àmì ohùn, tí ó sì lè jókòó ti àgbà kan ní Sakété, ní Pobè tàbí ní Kétu, ní ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ Debian kò ní. Àkọ́kọ́ tí a lè ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀: ní ìsinmi tí ó ń bọ̀, kí oníkálukú béèrè orúkọ oṣù àti ọjọ́ nílé tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì fi í wé ohun tí ó wà nínú yo_BJ.

Bàbá béèrè bóyá ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè kankan, bàbá. Ohun tí àwọn ènìyàn bá jókòó kọ sínú rẹ̀ ni ó ń sọ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki jókòó, òmíràn jókòó ní Purdue. Ó kù sọ́wọ́ wa.