Bí A Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà Tí Ẹja Ń Tọ̀

Òkun fẹ̀, omi rẹ̀ sì jìn. A kò lè bá ẹja rìn nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwa ará etí omi Ìlàjẹ, láti Aráròmí dé Ayétòrò, ẹja ni à ń jẹ, òun náà ni à ń tà. Ó yẹ kí a mọ ohun méjì nípa rẹ̀: Ibo ni ó ń lọ? Mélòó nínú wọn ni ó ń yè di àgbà? Bí a kò bá mọ èyí, a ó pa ẹja tán kí a tó fura.

Àmì lára ẹja

Àwọn onímọ̀ ẹja a máa mú ẹja láàyè. Wọn a fi rúlà wo bí ó ti gùn tó, wọn a gún àmì kékeré tí ó ní nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì tú u sílẹ̀. Wọn a kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ sínú ìwé. Bí apẹja kan bá pa á lẹ́yìn náà, tí ó dá àmì padà, a ó mọ bí ó ti rìn jìnnà tó àti bí ó ti dàgbà tó.

Láàárín 2015 sí 2020, àjọ ICCAT, tí ń bójú tó ẹja túnà ní Òkun Àtìláńtíìkì, fi àmì sára túnà tí ó ju 100,000 lọ. Òkun yìí kan náà ni ó ń fọ́ sí Ayétòrò. A ti rí túnà tí a fi àmì sí lẹ́bàá Amẹ́ríkà, tí a wá pa ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò

Ká ní a fi àmì sí ẹja 100 nínú ọ̀sà kan, a sì tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ ìyókù, a tún ju àwọ̀n, a kó ẹja 100. Mẹ́wàá nínú wọn ní àmì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn. Nítorí náà, ẹja ọ̀sà náà yóò tó 1,000.

Bí ẹnì kan bá wá ju àmì márùn-ún nù ńkọ́? Ìṣirò yóò di 2,000. Ẹja yóò dà bí ẹni pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pọ̀. Ìjọba yóò ní kí a máa pa á lọ, ebi yóò sì pa àwa náà ní ìgbẹ̀yìn.

Bọ́ńgà àti àpò

Bọ́ńgà kò fẹ́ ìfọwọ́kàn. Ìpẹ́ rẹ̀ a bọ́, a sì kú. Irú rẹ̀, kíkà ni a máa ń kà á lóṣooṣù bí ó ti ń wọlé. Fagade àti Olaniyan ṣe ìwádìí lórí bọ́ńgà ọ̀sà Èkó, ìròyìn wọn jáde ní 1972. Ti àpò yàtọ̀. Òkúta funfun méjì wà nínú orí rẹ̀. Bí a bá gé e, a ó rí ìlà roboto bí ti inú igi, a ó sì fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ibi tí omi òkun ti pàdé omi odò ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja àti edé ti ń dàgbà. Òfin Ẹja Òkun ti 1992 kò gbà kí ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n pa ẹja láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tiwa bá ń kó ọmọ ẹja, kí ni òfin náà fẹ́ ṣe?

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀yin ìyá tí ń yan ẹja, ẹ máa wo ẹ̀yìn ẹja kí ẹ tó gbé e sórí iná. Bí ẹ bá rí àmì, ẹ má jù ú nù o. Ẹ mú un lọ bá òṣìṣẹ́ ẹja ìjọba. Ẹ̀yin apẹja tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ fi ìwé kékeré sínú ọkọ̀: ọjọ́, ibi, irú ẹja, iye rẹ̀. Ìwé ọdún kan kò lè sọ púpọ̀. Ìwé ọdún mẹ́wàá yóò sọ fún wa bí ẹja bá ń dínkù, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà.

Ìbéèrè
1. Kí ni à ń kọ sínú ìwé nígbà tí a bá fi àmì sí ẹja?
2. Bí a bá rí àmì 20 nínú ẹja 100, mélòó ni ẹja inú ọ̀sà náà?
3. Kí ni ó burú nínú jíju àmì nù?