Bí mọ́tò yín tó ti pẹ́ bá ń mu epo jù, ẹ má fojú kéré orí tó ń fọ́ yín

Nígbà tí ìyá mi kọ́kọ́ sọ pé orí máa ń fọ́ àwọn nínú mọ́tò mi, ẹ̀jẹ̀ ríru la rò pé ó fà á. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́. Bí a bá gbéra ní Ìbàdàn tí à ń lọ sí Ọ̀ṣogbo, kí a tó dé Ìwó ni òòyì á ti máa kọ́ wọn, inú á sì máa rìn wọ́n. Bí a bá dúró, tí wọ́n jókòó síta fún ìgbà díẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ọmọ mi tó jókòó tì wọ́n lẹ́yìn náà bì ni mo tó fura pé inú mọ́tò ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi mọ́tò tó ti pẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwé, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì ń wa èyí tí ẹ rà nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe mọ́tò náà, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Lásìkò tí mò ń wí yìí, epo lítà 30 tó máa ń tó mi lò fún ọ̀sẹ̀ kan kò pé ọjọ́ 4 mọ́. Mi ò tètè fura, torí pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ni owó epo kò dùn? Mo rò pé owó rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, àṣé epo tí mọ́tò ń mu gan-an ló ń pọ̀ sí i.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dára fún ọjọ́ mélòó kan, èéfín dúdú tún dé. Ó ní kí n ra pọ́ǹpù epo, mo rà á. Ó ní ká fọ nọ́súlù, a fọ̀ ọ́. Nígbà tí kò rí ohun mìíràn pààrọ̀ mọ́, ó ní epo tí mò ń rà ni kò dáa. Mi ò bú u o. Bí púpọ̀ nínú wọn ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn: yọ ọ́, fi tuntun sí i. Ẹni tó bá mi yanjú rẹ̀ ni rìwáyà kan, àgbàlagbà tó máa ń mú mítà kó tó mú sípánà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Epo nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń jó, epo àti afẹ́fẹ́ ni. Kí kìlò kan epo bẹtiróòlù tó jó tán dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ bíi kìlò 14.7. Bí epo bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan kò ní jó tán, òun ló ń di èéfín dúdú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ń fẹ́ àfikún epo kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wa Peugeot 504 kò ní gbàgbé chóòkù tí a máa ń fà láàárọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti tì í padà, mọ́tò á máa rú èéfín títí ẹ ó fi dé ọjà.

Mọ́tò onínọ́súlù kò ní chóòkù tí à ń fà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì ló ń pinnu iye epo. Sẹ́ńsọ̀ kan tó wà níbi omi ẹ́ńjìnnì ló ń sọ fún un bóyá ẹ́ńjìnnì ti gbóná, wáyà méjì péré ló sì ń gbé ìròyìn náà lọ. Nínú mọ́tò tèmi, ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì ti ń fara kan páìpù tó gbóná. Rọ́bà ara rẹ̀ ti yọ́, èyí tó kù nínú rẹ̀ sì ti dípata. Bíréènì wá gbà pé ẹ́ńjìnnì tutù bíi yìnyín, ní ọ̀sán gangan, nílùú Ìbàdàn! Ló bá ń da epo sí i.

Báwo ni rìwáyà náà ṣe mọ̀? Ó yọ wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, ó wọn sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mítà ka ohun tó lé ní 2,000 ohm. Nígbà tó gbóná, ó ti já wálẹ̀ sí bíi 300. Ó ní ara sẹ́ńsọ̀ dá. Ó wá wọn wáyà láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bíréènì, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ibi tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò bọ̀, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tó bá dàgbà ju ìyẹn lọ, mítà àti sùúrù ni.

Nǹkan kejì ni pé ẹnì kan ti yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ sọnù kí n tó rà á. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, pé mọ́tò kò nílò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tẹmọ́sítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, kó sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá sí, omi á máa tutù jù lójú ọ̀nà jíjìn, bíréènì á sì máa fi epo kún epo. Ẹ wo ọwọ́ tó ń fi ìgbóná hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yín. Bí ẹ bá ti rìn fún ogún ìṣẹ́jú tí kò tíì kúrò nísàlẹ̀, ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè ibi tí tẹmọ́sítáàtì wà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè wò fúnra yín. Èéfín dúdú, bẹtiróòlù ló pọ̀ jù. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Èéfín funfun tó nípọn tí kò lọ nígbà tí mọ́tò ti gbóná, omi ló ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi bẹtiróòlù, epo ti ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì, kò sì ní pẹ́ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Púlọ́ọ̀gì tí epo ti pọ̀ lára rẹ̀ máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Kí ẹ sì tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́ wò, torí eruku ọ̀nà wa máa ń dí i pa. Ti oníkábúrétọ̀, kí wọ́n wo fúlóòtì inú rẹ̀: bó bá ti lu, á rì, epo á sì máa kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ní ti iná, mítà náà ni. Bátìrì tó dára, tí mọ́tò ti sinmi mọ́jú, yẹ kó ní bíi 12.6 fólítì. Bí ẹ bá ṣíná mọ́tò, ó yẹ kó gòkè sí bíi 13.8 sí 14.4, bí kò bá gòkè, nǹkan tó ń fún bátìrì níná kò ṣiṣẹ́. Bí iná iwájú bá ń ṣe bàìbàì tàbí tí iná ìyànà ń ṣe ségesège, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tú wáyà áàtì, kí wọ́n fọ ìpẹtà ibẹ̀. Ọgbọ́n kan tí rìwáyà náà kọ́ mi: bí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí iná, ẹ ní kó rọra mi àwọn ìdì wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà nígbà tó mì í, ibẹ̀ ni kó tú. Ìkìlọ̀ kan wà níbí: bí fíúsì bá jó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà lásán tàbí bébà sìgá dípò rẹ̀. Wáyà tó gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo tó ń jò, ẹ mọ ohun tí yóò dà.

Ó wá ku orí tó ń fọ́ ìyá mi. Epo tí kò jó tán máa ń mú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáídì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, kò sì ní jẹ́ kí ọ́síjìn rí àyè. Ọmọdé, aláboyún, àgbàlagbà, ẹni tí ọkàn ń dà láàmú àti ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń tètè mú. Páìpù sàléńsà mi ti lu lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, rọ́bà ẹnu búùtù sì ti ya. Bí a bá ti fèrèsé tí a tan amúlétutù, èéfín náà ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀yìn gan-an sì ni ìyá mi àti ọmọ ń jókòó sí.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín pé orí ń fọ́ ju ẹni kan lọ nínú mọ́tò, tó sì ń lọ bí wọ́n bá bọ́ sílẹ̀, ẹ dúró lẹ́sẹ̀ kan náà, kí gbogbo yín bọ́ síta. Bó bá rẹ ẹnì kan jù tàbí tó dákú, ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé inú mọ́tò ló ti ṣe é, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka lè ka iye tó dára nígbà tí ara kò dá. Ẹ má ṣe ṣíná mọ́tò nínú gáráàjì tó tì pa, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wáyà tí rìwáyà náà pààrọ̀ kò gùn ju apá mi lọ. A ra tẹmọ́sítáàtì, wẹ́dà jó páìpù, a fi rọ́bà tuntun sí búùtù. Lítà 30 ti padà ń tó mi lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá mi ṣì máa ń ní kí n já fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ kí a tó gbéra, mi ò sì bá wọn jiyàn.