Ohùn Tó Wà Nínú Poro

Bí ẹ bá ti bá àwọn onílù jáde rí, ẹ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Onísákárà a kọ́kọ́ yá ojú ìlù rẹ̀ nínú oòrùn tàbí lẹ́bàá iná, nítorí awọ tó tutù kì í dáhùn dáadáa. Onígángan ní tirẹ̀ kì í fi ipá kọ̀ǹgọ́ sọ̀rọ̀. Ọsán, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìlù ká, tó há mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, ló fi ń sọ ọ́. Ó fún un díẹ̀, ohùn gòkè. Ó tú u díẹ̀, ohùn wálẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ ló ń mú agbára wá, ọsán ló ń pinnu ohun tí agbára náà yóò wí. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni mo máa fi ṣàlàyé amplifáyà onífáàfù tó ń pọ́n bí ẹyin iná ní igun yàrá mi ní Umarari, ní Maiduguri níbí.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi ló fà á. Ọdún 1964 ni ojú irin wọ Maiduguri, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló sì bá a wá. Bàbá mi wà lára àwọn tó wọ rélùwéè láti Ìbàdàn wá síbí, ó kó àwo rẹ̀ sínú àpótí onírin kan. Rédíògíráàmù tó fi ń gbọ́ wọn nígbà náà tóbi bí àpótí aṣọ, ṣéńjà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àwo, wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ikán jẹ rédíògíráàmù náà tán, àmọ́ ikán kì í jẹ àwo. Nígbà tí bàbá kú, àwo bíi ọgọ́ta ló kàn mí: Yusuf Olatunji, Haruna Ishola, Ayinla Omowura. Mo fẹ́ gbọ́ wọn bí òun ṣe gbọ́ wọn.

Kí ló wà lára àwo gan-an? Poro ni. Bí poro oko ṣe wà láàárín ebè méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni poro ṣe yí ojú àwo ká láti etí dé àárín, ẹyọ kan ṣoṣo, kò já. Tí ẹ bá na poro ojú kan tó ń kọrin fún ìṣẹ́jú 22 sílẹ̀ gbọọrọ, yóò sún mọ́ 500 mítà. Ògiri poro náà kò tẹ́jú. Ó ń wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún bí ohùn akọrin ṣe rìn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń tọ inú rẹ̀ bí ọ̀pá afọ́jú ṣe ń tọ ojú ọ̀nà, gbogbo gbọ̀ngbọ̀n tó bá kọ́ ló ń ròyìn.

Àwo ńlá tó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá mẹ́ta ìgbà kan ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, ọdún kan náà tí Haruna Ishola kọ́kọ́ ṣe àwo. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà 78 ni wọ́n ń yí. Irú wọn ni Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, ṣe fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922, irú wọn náà sì ni Túndé King ṣe ní 1936. Oje kòkòrò ni wọ́n fi ṣe wọn, wọn kì í ṣe ike. Bí ẹ bá jogún irú rẹ̀, ẹ má fi abẹ́rẹ́ òde òní tẹ̀ ẹ́, poro rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ má sì fi ọtí fọ̀ ọ́, yóò yọ́.

Ibi tí mo ti ṣìnà rèé, mo sì ń sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà tọ̀ ọ́. Sípíkà ni mo kọ́kọ́ rà, ńlá méjì, nítorí ìwọ̀nyí ni ojú ń rí. Owó tó ṣẹ́kù ni mo fi ra ṣéńjà àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì dára. Abẹ́rẹ́ náà ti jẹ dé ìdí. Góńgó dáyámọ́ńdì tó yẹ kó yípo ti di ẹnu ọ̀bẹ. Mo fi àwo Yusuf Olatunji kan sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó fura sí ariwo ṣaa tó ń bá orin náà rìn. Nígbà tí mo gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀, mo rí i pé ibi tí abẹ́rẹ́ gbà ti funfun. Ohun tí abẹ́rẹ́ bá ti gbẹ́ kúrò nínú poro, kò sí sípíkà tó lè dá a padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé orí abẹ́rẹ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìnáwó. Abẹ́rẹ́ tuntun, tí a fi òṣùwọ̀n wọn ìtẹ̀sí rẹ̀ sí nǹkan bíi gíráàmù méjì. Tó bá wúwo jù, yóò máa họ poro. Tó bá fúyẹ́ jù, yóò máa fò, fífò rẹ̀ sì burú ju ìtẹ̀sí lọ.

Ohun tí abẹ́rẹ́ ń rán jáde kéré débi pé ó ṣòro gbà gbọ́: nǹkan bíi ìdá 5 nínú 1,000 ti volt kan. Sípíkà ń fẹ́ bíi volt 6 kó tó kọrin dáadáa nínú yàrá. Ìlọ́po tó ju 1,000 lọ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe àwo tún di ohùn náà bí ẹrù arìnrìn-àjò: ohùn ìlù ńlá máa ń mú kí poro yà gan-an débi tí yóò fi wó lu ìyípo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà wọ́n tẹ̀ ẹ́ rẹlẹ̀, wọ́n gbé ohùn ṣaworo sókè. Láti 1954 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti fẹnu kò sí ọ̀nà kan tí gbogbo wọn ń gbà dì í. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ phono ló ń tú ẹrù náà. Bí kò bá sí i, ṣaworo nìkan ni ẹ óò gbọ́, ìyáàlù á sá lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ onígángan. Nínú ìgò fáàfù, wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ jáde. Wáyà kan ń gbóná nínú rẹ̀, volt 6.3 péré ló ń jẹ. Ooru rẹ̀ ń mú kí iná mọ̀nàmọ́ná fò jáde lára irin tó bò ó, bí ooru omi ṣe ń fò lẹ́nu ìkòkò. Irin kejì wà lódìkejì, nǹkan bíi 300 volt ló ń fà á mọ́ra. John Ambrose Fleming ṣe irú èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904, ṣùgbọ́n kò lè gbé ohùn ga. Lee de Forest ní Amẹ́ríkà ló ki asẹ́ wáyà sí àárín àwọn irin méjèèjì ní 1906. Asẹ́ yẹn ni ọsán. Ohùn tín-ínrín tó ti orí abẹ́rẹ́ wá ló ń fún un tó ń tú u, ìṣàn ńlá sì ń tẹ̀lé e. Volt 300 ni kọ̀ǹgọ́. Ẹ sì rí ìdí tí a fi ń dúró díẹ̀ kí ó tó fọhùn: ó gbọ́dọ̀ yá bí ojú sákárà.

Fáàfù EL84 kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò mú ju bíi watt 5 wá. Lójú ẹni tó mọ sípíkà òde ìnáwó, kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n sípíkà tó bá fi decibel 3 yá ju òmíràn lọ, ìdajì agbára ló ń jẹ fún ariwo kan náà. Mo pàrọ̀ méjì ńlá tèmi sí kékeré tó yá, yàrá mi kún.

Iná ló wá kù. Ní oṣù Kíní ọdún 2021 ni àwọn agbésùnmọ̀mí wó òpó tó ń gbé iná wọ Maiduguri, a sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni gbogbo ilé gbára lé. Mọ́tò ọ̀pọ̀ ṣéńjà àtijọ́ ń tẹ̀lé ìlù iná fúnra rẹ̀, tó ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fíríìjì bá sọjí, tí jẹnẹrétọ̀ bá mí kanlẹ̀, àwo náà á rọra falẹ̀, ohùn á sì yọ̀ sísàlẹ̀. Elédè mìíràn lè fara dà á. Àwa kò lè fara dà á, nítorí ohùn ni ọ̀rọ̀ wa: ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Bí ìyáàlù ṣe ń pe oríkì, tí ṣéńjà ń yọ̀, oríkì náà á di akólòlò. Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ létí ara mi, inú mi sì bàjẹ́ bíi pé wọ́n bú ìdílé wa. Ṣéńjà tí mọ́tò rẹ̀ kò gbára lé ìlù iná ni mo wá lẹ́yìn náà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Technics fi ṣe ṣéńjà SL-1200. Sólà àti íńfátà ló ń gbé e, íńfátà tí ìṣàn rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kì í ṣe èyí tó ń fò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Fáàfù náà ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: kì í fẹ́ kí iná yẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdí amplifáyà onífáàfù bí ẹni ṣí rédíò. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè gbé volt 300 náà pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná, ó sì lè pani. Ọwọ́ kan ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń wọ inú rẹ̀, èkejì á wà lẹ́yìn. Ẹ má sì tàn án láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀. Odó òfìfo ni ẹ ń gún yẹn, odó náà ló máa fọ́.

Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ọyẹ́ Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ débi pé àwo fúnra rẹ̀ ń fa eruku mọ́ra. Búrọ́ọ̀ṣì onírun tín-ínrín ni mo ń fi gbá a lójoojúmọ́. Ní oṣù Kẹrin, tí ooru bá ju ìwọ̀n Celsius 40 lọ, gbogbo àwo a máa dúró gbọnran bí ìwé, jìnnà sí fèrèsé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, àgbà Kanuri tó ń gbé ilé kejì wá kí mi. Fáàfù ti yá. Mo gbé abẹ́rẹ́ lé Yusuf Olatunji, kì í ṣe èyí tí mo bàjẹ́, òmíràn. Gòjé ké. Baba gbé ọwọ́ sókè pé kí n má tíì sọ̀rọ̀. Ó wí ní Hausa pé, “Goge nìyẹn.” Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, Baba, gòjé là ń pè é nílé wa. Ó fa àga sún mọ́ sípíkà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé ìdí poro, tó ń yípo láìkọrin mọ́, ó ní kí n yí i sí ojú kejì.