Bí Ọṣẹ Ṣe Ń Ká Epo Kúrò Lára Aṣọ

Ègé ọṣẹ kọ̀ọ̀kan, tí ojú lásán kò lè rí, ní orí tó fẹ́ràn omi àti ìrù gígùn tó ń sá fún omi, àmọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Bí ọṣẹ díẹ̀ bá wọnú omi, àwọn ègé yìí á kọ́kọ́ tò sójú omi, ìrù wọn á wà lókè. Èyí ń dín agbára tí ojú omi fi ń fà mọ́ra kù, omi á sì tètè ráyè wọ inú aṣọ. Bí ojú omi bá ti kún, àwọn tó kù á para pọ̀ nísàlẹ̀ bí òṣùṣù ọwọ̀: ìrù sínú, orí síta. Inú òṣùṣù yìí ni epo ń kó sí, tí omi fi ń gbé e lọ. J. W. McBain, onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ̀rọ̀ irú òṣùṣù bẹ́ẹ̀ ní 1913. Híhó ọṣẹ kọ́ ló ń fọ aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lojú ń rí.

Èròjà kálísíọ́mù inú omi kànga mìíràn máa ń gbá orí ọṣẹ mú, á sọ ọ́ di ìdọ̀tí funfun. Ọṣẹ dúdú, tí wọ́n ń fi eérú àti epo sè, kò bọ́ níbẹ̀. Ọṣẹ oníyẹ̀fun òde òní ń fara da kálísíọ́mù jù ú lọ. Ẹni tí kò bá ní in, kó gbe omi òjò.