Kí ẹ tó náwó sí íápíìsì tuntun: Ibi tí orin ti ń bàjẹ́ kó tó dé etí yín

Ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ọmọ ti sùn, baálé ilé sì fẹ́ fi orin jùjú díẹ̀ tura kí oorun tó gbé e lọ. Ó ki íápíìsì tuntun bọ etí, èyí tó fi owó àjọ rà. Ìlù ń dún kì-kì-kì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí gángan ń wí. Ohùn akọrin dà bíi ti ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ló bá yí ohùn fóònù sókè, ó tún yí i sókè sí i, síbẹ̀ pàbó ló já sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé kí wọ́n lọ ra òmíì tó wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, íápíìsì kọ́ ló jẹ̀bi. Orin téèyàn ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà bí omi tó ń bọ̀ láti inú táǹkì: inú páìpù ló máa gbà kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Tómi bá ti dọ̀tí nínú táǹkì, ẹ̀rọ tuntun ò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn yẹ gbogbo ọ̀nà náà wò kó tó mú owó jáde.

Ẹ kọ́kọ́ wo sẹ́tíńsì áàpù yín

Iye détà tí orin ń gbé wá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe kún tó. Kilobit ni wọ́n ń pè é. Lórí Spotify, tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2021, ipò tó kéré jù jẹ́ nǹkan bíi 24. Ti àárín jẹ́ 96, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 160, ẹni tó bá sì ń sanwó lè gbé e dé 320. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, áàpù náà lè fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ láìsọ fún yín.

Tí orin bá ti ń wọlé ní 24, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti gé dànù kó lè fúyẹ́. Kò sí hẹ́dífóònù, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè dá ohun tí wọ́n ti gé padà.

Détà ńkọ́? Wákàtí kan orin ní 96 máa jẹ nǹkan bíi 43 MB. Ní 320, ó máa jẹ nǹkan bíi 144 MB. Ẹni tó ń sanwó oṣooṣù lè gba àwọn orin tó fẹ́ràn sórí fóònù lóru, nígbà tí détà ò wọ́n, kó máa gbọ́ wọn lọ́sàn-án láìná kọ́bọ̀. Ìròyìn àti ètò ọ̀rọ̀ sísọ ò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ohùn èèyàn nìkan kì í béèrè détà púpọ̀.

Waya ni àbí Bluetooth?

Kí Bluetooth tó gbé orin ránṣẹ́, ó máa ń fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó ṣe máa fún un pọ̀ tó wà lọ́wọ́ èdè tí fóònù àti íápíìsì bá jọ gbọ́. SBC ni èdè tí gbogbo wọn gbọ́. iPhone tún gbọ́ AAC. LDAC, tí iléeṣẹ́ Sony ṣe, lè gbé tó 990 kilobit, ọ̀pọ̀ fóònù Android ló sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n iPhone ò gbọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tó ń lo iPhone tó wá tìtorí LDAC fowó kún owó íápíìsì ti fi owó ẹ̀ ṣòfò.

Apple Music ti ń gbé orin tí wọn ò gé nǹkankan nínú rẹ̀ jáde láti ọdún 2021. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe wà gan-an máa nílò waya, torí Bluetooth tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ò lè gbé gbogbo rẹ̀. Àmọ́ fún orin tó wà ní 160 tàbí 320, Bluetooth tó dáa ti tó fún ìgbádùn nínú ilé.

Ohun tó tún dáa lára waya ni pé kì í béèrè ṣájà. Bí NEPA mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, ó ṣì ń dún. Báàtìrì inú íápíìsì Bluetooth kéékèèké máa ń rẹ̀ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì ṣeé pààrọ̀ báàtìrì.

Tí fóònù yín ò bá ní ihò íápíìsì ńkọ́?

Lọ́dún 2016 ni Apple yọ ihò náà kúrò lára iPhone 7, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ míì sì tẹ̀ lé wọn. Ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ ni waya kúkúrú kan tí wọ́n ń kì bọ ihò ṣájà. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ bíńtín tí wọ́n ń pè ní DAC wà. Nọ́ńbà lásán ni orin jẹ́ nínú fóònù. DAC ló ń sọ ọ́ di iná mànàmáná tí íápíìsì lè fi kọrin.

Ẹ ṣọ́ra o: àwọn kan tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú ò ní DAC nínú rárá. Lórí fóònù míì, wọn ò ní dún pin. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kì í bọ fóònù tiyín níṣojú yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ ohm sí lára páálí hẹ́dífóònù. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó ni iṣẹ́ fóònù ṣe máa pọ̀ tó. Beyerdynamic DT 770 Pro, fún àpẹẹrẹ, wà ní 32, 80 àti 250; ti Sennheiser HD 600 jẹ́ 300. Ẹni tó bá ki oní-250 tàbí 300 bọ fóònù máa rí i pé ohùn ẹ̀ máa lọ sílẹ̀, á wá di dandan kó ra amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń gbé ohùn sókè. Ẹni tó bá mú oní-32 ti gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ìnáwó kejì lọ́pọ̀ ìgbà.

Èwo ló bá ilé yín mu?

Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa ń dún bí ẹni pé orin wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n ohùn ń jáde, ariwo ìta náà sì ń wọlé. Nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí ló dáa jù.

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò etí, ẹ má ju àwọn rọ́bà kéékèèké inú páálí nù. Tí rọ́bà ò bá dí ihò etí dáadáa, báàsì máa sá lọ. Ẹ dán gbogbo wọn wò. Rọ́bà etí ọ̀tún lè má bá ti òsì dọ́gba.

Ní ìsọ̀, ẹ fi orin tí ẹ mọ̀ dunjú dán an wò, bíi ti King Sunny Adé tàbí Ebenezer Obey. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀ bí èdè Yorùbá ṣe ń ṣe. Tí báàsì bá pọ̀ jù, á bo ohùn wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀: ẹ ó gbọ́ ariwo ìlù, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlù.

Jẹnẹrétọ̀ àti etí yín

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ohùn íápíìsì sókè débi tó lè ba etí jẹ́ láìfura. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ohùn tó wà ní 80 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì kò léwu fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tó bá dé 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀ ló kù. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ohùn fóònù má kọjá ìdá 60 nínú 100. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ohùn nínú etí, tí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́. Tí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ yọ íápíìsì, ohùn yẹn ti pọ̀ jù.

Nítorí náà, íápíìsì tó dí etí dáadáa, tàbí èyí tó ń pa ariwo ìta, kì í ṣe fáàrí. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè gbé ohùn wálẹ̀. Ariwo tó ń dún lójú kan, bíi jẹnẹrétọ̀ tàbí fáànù, ló mọ̀ ọ́n pa jù. Kò lè pa ohùn ẹni tó ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ gbé sẹ́tíńsì áàpù yín sókè, ẹ pààrọ̀ rọ́bà, ẹ gbé ohùn wálẹ̀, kí ẹ sì tún fi orin kan náà sí i. Tí ohun tí gángan ń wí bá ti ń yé yín, ẹ fi owó àjọ yín ṣe nǹkan míì.