Ẹgbẹ́ Tí Àwọn Olówó Rẹ̀ Kó Gbẹ: Cleveland Spiders ní Ọdún 1899

Ní ọdún 1899, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Cleveland Spiders, ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kópa nínú eré 154. Wọ́n jáwé olúborí nínú 20, wọ́n sì fìdí rẹmi nínú 134. Nínú àwọn líìgì ńlá Amẹ́ríkà, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn, ṣáájú ìgbà náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n gbá lásán ni pé inú ọ́fíìsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdánù, kí ẹnikẹ́ni tó gbé igi dání lórí pápá.

Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń dúró fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú bésíbọ́ọ̀lù. Ajubọ́ọ̀lù a máa ju bọ́ọ̀lù kékeré tó le sí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kejì, tí onítọ̀hún yóò fi igi dè é. Bí onígi bá gbá a dáadáa, á sáré gba ojú àmì mẹ́rin tó wà lórí pápá. Bó bá yí wọn ká padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú ìjà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ ayò kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbá a láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìwọ́wé. Nítorí pé eré pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ pàápàá lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta eré rẹ̀, ẹgbẹ́ tó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá sábà máa ń rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ. Àwọn Spiders ti ọdún 1899 kò rí ẹyọ kan nínú méje jẹ.

Bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀lẹ ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1889 ni wọ́n wọ National League, wọ́n sì gba orúkọ aláǹtakùn nítorí pé àwọn òṣèré wọn gùn, wọ́n sì tín-ín-rín. Ní 1890 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti oko Ohio, Denton Young, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Cy Young, bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Ìgbà 511 ló borí kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì sí ajubọ́ọ̀lù tó bá a níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ́dọọdún títí di òní. Pẹ̀lú rẹ̀ ni Jesse Burkett wà, onígi tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ajubọ́ọ̀lù, àti Bobby Wallace. Patsy Tebeau ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ọkùnrin oníjà tí kì í fojúure wo adarí eré. Ní 1895, wọ́n na Baltimore Orioles, wọ́n sì gba ife Temple. Ní 1898, wọ́n borí nínú eré 81, wọ́n pàdánù 68, wọ́n sì ṣe ipò karùn-ún nínú ẹgbẹ́ 12.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì, Frank àti Stanley Robison, ló ni ẹgbẹ́ náà. Owó ọkọ̀ ojú irin tí ń rìn nígboro ni wọ́n fi là, ibi tí ọkọ̀ wọn sì ń gbà kọjá ni wọ́n kọ́ pápá ìṣeré League Park sí ní 1891. Òǹwòran yóò san owó ọkọ̀ fún wọn, yóò tún san owó ìwọlé fún wọn. Ọgbọ́n náà dára, àmọ́ èrò tó ń wá kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Àìkú wà lára ohun tó fà á. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà náà, ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n lè ráyè lọ wòran, ìgbà náà gan-an ni òfin Ohio kò sì gba bésíbọ́ọ̀lù láyè. Nígbà tí àwọn Spiders dán an wò ní 1897, ọlọ́pàá kó àwọn òṣèré lórí pápá. Ní 1898, Robison ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀pọ̀ eré tó yẹ kó wáyé ní Cleveland lọ sí ìlú àwọn ẹlòmíràn.

Ní ìlú St. Louis, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Ìlú náà tóbi ju Cleveland lọ, wọ́n sì ń gbá bésíbọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Chris von der Ahe, ará Jámánì kan tó fi ọtí bíà títà là, ló ni ẹgbẹ́ wọn, àmọ́ gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Iná jó pápá rẹ̀ ní 1898, ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù eré 111 lọ́dún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ sì ní kí wọ́n lu ẹgbẹ́ náà ní gbàǹjo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1899, ọwọ́ àwọn Robison ló bọ́ sí. Wọn kò ta Cleveland. Líìgì kò ní òfin kankan nígbà náà tó ní kí ẹnìkan má ní ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń du ife kan náà.

Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ní ti àwọn Robison, ọmọ wọn ni méjèèjì. Wọ́n kàn bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọ̀kan fún èkejì ni. Cy Young, Burkett, Wallace, Tebeau fúnra rẹ̀, gbogbo ẹni tó tó ẹni ní Cleveland di ará St. Louis. Àwọn tó ti ń fìdí rẹmi ní St. Louis lọ́dún tó kọjá ni wọ́n kó wá fún Cleveland. Wọ́n pe ẹgbẹ́ tuntun ti St. Louis ní Perfectos, bí ẹni pé wọn kò ní àbùkù kankan. Stanley Robison, tí Cleveland bọ́ sí lọ́wọ́, kò sì fi bò rárá pé eré ẹ̀gbẹ́ kan lásán lòun máa fi ẹgbẹ́ náà ṣe.

Bóyá ẹnìkan ló ṣètò rẹ̀ tàbí ó kàn rí bẹ́ẹ̀, St. Louis ni Cleveland bá bẹ̀rẹ̀ sáà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Cy Young ló ju bọ́ọ̀lù sí wọn. Ayò 10 sí 1 ni wọ́n fi lù wọ́n.

Lave Cross ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó borí ní ìgbà 8, ó pàdánù ní ìgbà 30, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń fi igi ṣe bẹbẹ, ìyẹn sì tó láti kó bá Cleveland: nínú oṣù Kẹfà, wọ́n mú òun náà lọ sí St. Louis. Joe Quinn ló rọ́pò rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní Ọsirélíà, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìsìnkú ló ń ṣe nígbà tí kò bá sí bésíbọ́ọ̀lù. Àwọn oníwèé ìròyìn kò jẹ́ kí àwàdà yẹn lọ lásán. Lábẹ́ Quinn, ìgbà 12 ni wọ́n borí, ìgbà 104 ni wọ́n pàdánù.

Àwọn ará Cleveland kò dúró wo ìyẹn. Wọ́n ti rí i pé wọ́n ti kó ẹgbẹ́ àwọn lọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ dáhùn. Eré 42 péré ló wáyé ní League Park ní gbogbo sáà náà, òǹwòran 6,088 ló sì wá lápapọ̀, ìyẹn nǹkan bí ènìyàn 145 lójúmọ́. Ibí ni wàhálà ti di ti gbogbo líìgì, torí pé ẹgbẹ́ tó bá rìnrìn àjò wá ní ìpín tirẹ̀ nínú owó ìwọlé. Nígbà tí òǹwòran kò pé 200, ìpín àlejò kò lè san owó ọkọ̀ ojú irin àti òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù kọ̀, wọ́n ní àwọn kò lọ sí Cleveland mọ́. Láti àárín sáà lọ, ojú ọ̀nà ni àwọn Spiders ń gbé, láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀ ojú irin, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń pè wọ́n ní ìsáǹsá àti alárìnkiri. Eré 112 ni wọ́n gbá lẹ́yìn odi, wọ́n sì pàdánù 101 nínú rẹ̀. Ètò eré líìgì tí ń bẹ lóde òní kò lè gba irú rẹ̀ láyè mọ́, nítorí pé eré 81 nínú 162 ni wọ́n ń ṣètò fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn odi, ìyókù sì ni ti ilé.

Ìṣirò wọn lórí pápá burú bí orúkọ wọn ṣe bà jẹ́ tó. Ayò 529 ni wọ́n jẹ, ayò 1,252 ni wọ́n jẹ lára wọn. Jim Hughey ju bọ́ọ̀lù, ó borí ní ìgbà 4, ó pàdánù ní ìgbà 30. Charlie Knepper borí ní 4, ó pàdánù 22. Kì í ṣe pé Hughey ló burú jù lágbàáyé. Kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀ ni, òun náà kò sì sá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹgbẹ́ náà borí nínú eré méjì tó tẹ̀ léra. Láti ìparí oṣù Kẹjọ, wọ́n pàdánù ní ìgbà 24 léraléra; wọ́n wá borí ẹyọ kan, wọ́n sì tún pàdánù 16 tó kù.

Ní ọjọ́ tí sáà parí, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, Cincinnati ni wọ́n wà, eré méjì ló sì wà nílẹ̀ fún wọn. Nínú ìkejì, ẹni tí wọ́n fún ní bọ́ọ̀lù kí ó jù ni Eddie Kolb, ọmọkùnrin tó ń ta sìgá nínú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dé sí. Ayò 19 sí 3 ni wọ́n fi na Kolb, ìyẹn sì ni eré kan ṣoṣo tó ṣe nínú líìgì ńlá. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn òṣèré dáwó jọ, wọ́n ra ẹ̀ṣọ́ ọrùn onídáyámọ́ǹdì fún akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, George Muir, torí pé òun nìkan ló fara da wíwo gbogbo eré wọn.

Ẹni tó bá ti mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò lé wọn bọ́ sí líìgì ìsàlẹ̀. Kò sí irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ nínú bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, kò sì sí títí di òní. Ẹgbẹ́ tó wà nídìí tábìlì yóò tún wà nínú líìgì lọ́dún tó ń bọ̀, torí náà kò sí ohun tó ń dẹ́rù ba olówó tí kò bá fẹ́ náwó.

Àwọn Robison nìkan kọ́ ló ní ẹgbẹ́ méjì. Àwọn kan náà ló ni Brooklyn àti Baltimore lọ́dún yẹn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ akọni Baltimore lọ sí Brooklyn, tó fi gba ife pẹ̀lú eré 101. Àmọ́ John McGraw, ọ̀kan nínú àwọn akọni náà, ṣẹ́ kù sí Baltimore, ó sì fi àwọn tó kù ṣe ipò kẹrin. Èyí fi hàn pé ẹgbẹ́ tí wọ́n já sílẹ̀ ṣì lè mí bí wọ́n bá ṣẹ́ ènìyàn gidi díẹ̀ kù sí i. Cleveland kò rí ẹyọ kan.

Èrè wo ni ti St. Louis? Perfectos borí nínú 84, wọ́n pàdánù 67, wọ́n sì ṣe ipò karùn-ún: ipò kan náà tí àwọn òṣèré wọ̀nyẹn ti wà pẹ̀lú Cleveland ní ọdún tó ṣáájú. Owó ìwọlé pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ní ti ife, àṣedànù ni.

Nígbà tí sáà parí, líìgì gé ẹgbẹ́ 12 kù sí 8. Cleveland, Louisville, Washington àti Baltimore ni wọ́n yọ. Ní 1901, American League tuntun wọ inú àwọn líìgì ńlá pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn ní Cleveland, èyí tí a mọ̀ sí Guardians lónìí, League Park ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà. St. Louis di Cardinals ní 1900. Frank Robison kú ní 1908, Stanley kú ní 1911, ẹgbẹ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Helene Britton, ọmọ Frank, obìnrin àkọ́kọ́ tó ni ẹgbẹ́ nínú àwọn líìgì ńlá. Bí ọdún ti ń lọ, líìgì fi òfin dè é pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ ní ẹgbẹ́ méjì.

Eré 162 ni wọ́n ń gbá báyìí. New York Mets pàdánù 120 ní 1962, Chicago White Sox sì kọjá wọn ní 2024 pẹ̀lú 121. Bí ẹgbẹ́ òde òní yóò bá ṣe bíi ti Spiders, yóò ní láti pàdánù 141.